Ìjọba Ń Ra Ìbọn: Kí Ni Ọdẹ Yóò Gbà Lọ Sílé?

Ọ̀rọ̀ ìbọn la fẹ́ jọ sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogun. Ọ̀rọ̀ ọjà ni: ọjà tí ìjọba jẹ́ oníbàárà, tí ará ìlú sì jẹ́ ẹni tí ń tà.

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ilẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ kan, a sì gbọ́ tí akéde ń lu agogo ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, tí ẹlòmíràn sì ń ké bákan náà ní Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé: “Ìjọba kí yín o! Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìbọn nílé, kí ó gbé e wá sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ìjọba yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀. A kò ní bi í léèrè ibi tó ti rí i.” Ta ni ẹ rò pé yóò kọ́kọ́ gbé ìbọn dé ibẹ̀? Ṣé olè tó ń dá ọ̀nà ni, àbí bàbá ọdẹ kan tí orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé ọlọ́pàá láti ìgbà pípẹ́?

Ẹ fi ìbéèrè yìí sọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ọ̀pọ̀ ìjọba ní ayé ti fi owó gba ìbọn lọ́wọ́ ará ìlú. Òmíràn ṣe é, ó sì dára. Òmíràn náwó, ìbọn kò sì tán nílùú. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ṣe é, ẹni tó ń pa òfin mọ́ ni ọwọ́ ìjọba kọ́kọ́ ń tó, nítorí òun ni ìjọba mọ ilé rẹ̀.

Kí á tó lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tí ìbọn jẹ́ sí ẹni tó ni ín ní àdúgbò tiwa. Ọdẹ ló tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó. Ìtàn ìlú náà sọ pé Ògúnlọlá, ọdẹ tó mọ ọfà ta, ló kọ́lé síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí jagunjagun kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ kó ìdààmú bá Ọ̀yọ́-Ilé, Ògúnlọlá ló ta á lọ́fà, tó sì gbé orí rẹ̀ lọ síwájú Aláàfin. Ibẹ̀ ni wọ́n sọ pé orúkọ ìlú náà ti ṣẹ̀: ẹni tó gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́. Ọfà ni ohun ìjà ọjọ́ náà, kì í ṣe ìbọn. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ohun tó wà lọ́wọ́ ọdẹ ti jẹ́ ààbò ìlú tipẹ́tipẹ́, àti pé Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ti jọ jẹ nínú rẹ̀.

Láti etíkun ni ìbọn ti wọ ilẹ̀ wa, nípa òwò pẹ̀lú òyìnbó. Nígbà tí ogun Kírìjí bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ìró ìbọn ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ, ogun náà kò sì tú títí di 1893. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1895, Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ gbọ́ ìró àgbá nígbà tí Captain Bower, òyìnbó tó ń ṣojú ìjọba ní Ìbàdàn, kọlu ìlú náà nígbà ayé Aláàfin Adéyẹmí Kìíní. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ìjọba fi ń ka ìbọn tó wà lọ́wọ́ ará ìlú sí ọ̀rọ̀ pàtàkì, kí ó rántí ìgbà náà.

Àní kí Bower tó dé Ọ̀yọ́ ni àwọn ìjọba Yúróòpù ti péjọ ní Brussels ní 1890, tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé kí ìbọn tuntun tí ń yára yìn má ṣe wọ apá tó pọ̀ jù ní ilẹ̀ Áfíríkà mọ́. Wọ́n ní nítorí òwò ẹrú ni. Ìbọn àtijọ́ tí a ń fi akọ òkúta ṣáná sí nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún títà. Èyí wà lára ohun tó mú kí ìbọn ṣakabùlà pẹ́ lọ́wọ́ àwọn bàbá wa tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí kò tíì rí i rí, ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́: láti ẹnu ni a ti ń rọ ẹ̀tù sí i, a ó fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, a ó kó ọta lé e, a ó tún kì í, kí a tó lè yìn ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ọta yẹn bá tàsé, ẹran ti lọ. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa sì mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Kí wá ni iṣẹ́ rẹ̀? Ó ń lé ọ̀yà àti ọ̀bọ kúrò nínú oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Ó ń mú ẹran wá sí ìkòkò ọbẹ̀. Ó ń ṣọ́ abúlé lóru nígbà tí àgọ́ ọlọ́pàá jìnnà. Bí ọdẹ bá kú, ìró ìbọn ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń sin ín, kí wọ́n tó sun ìrèmọ̀jé fún un. Bí ọdún Ògún bá dé, ó ń dún. Baba ń gbé e fún ọmọ, ọmọ sì ń mọ̀ pé baba òun ni òun dì mú. Ẹ jẹ́ kí á ka gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí sílẹ̀ báyìí, nítorí a ó padà wá bá wọn nígbà tí a bá ń ṣírò owó.

Ṣùgbọ́n òfin wà. Òfin tí Nàìjíríà ń lò lórí ìbọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 1959, òun náà la ṣì ń lò. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà kìíní ni ìbọn tí a kà léèwọ̀: àgbá, ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn sójà, àti ìbọn pélébé tí a lè fi sápò. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fún ènìyàn ní àṣẹ irú rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni ìbọn tí ènìyàn lè ní fún ìlò ara rẹ̀, bí ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ tí ọdẹ ń lò, àyàfi èyí tó ní ẹ̀rọ tí ń ki ọta bọ ara rẹ̀ tàbí èyí tí a ń fà kí ọta mìíràn tó bọ́ síbẹ̀. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ló ń fúnni ní láísẹ́ǹsì rẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni ìbọn tí a ń ki láti ẹnu, ìyẹn ṣakabùlà àti irú rẹ̀, òun náà kò sì sí lọ́fẹ̀ẹ́: ó ní ìwé àṣẹ tirẹ̀.

Òfin náà tún sọ ẹni tí kò yẹ kí a fún ní láísẹ́ǹsì ìbọn ọ̀nà kejì: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàrin ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ẹ ò rí i pé ẹni tó gba ìwé yìí ti gba inú asẹ́ kọjá? Ìjọba ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti sanwó. Ó sì gbọ́dọ̀ máa sọ ìwé náà dọ̀tun. Òun ni à ń pè ní ẹni tó ní ìbọn lọ́nà òfin.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á wo bí àwọn mìíràn ṣe ń ra ìbọn.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1996, ọkùnrin kan yìnbọn pa ènìyàn 35 ní Port Arthur ní ilẹ̀ Australia. Ìjọba ilẹ̀ náà kò jẹ́ kí ọdún yípo kí ó tó yí òfin padà. Wọ́n ka ìbọn tí ń ki ara rẹ̀ léèwọ̀, wọ́n sì ní àwọn yóò rà á lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ti ní in tẹ́lẹ̀. Wọ́n tẹ ìwé iye owó jáde, irú ìbọn kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Láti rí owó náà, wọ́n bu díẹ̀ lé owó-orí gbogbo ìlú fún ọdún kan. Ìbọn tí wọ́n rà tó 650,000. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí èyí: wọn kò gba gbogbo ìbọn. Àgbẹ̀ tó bá ní ìdí tó yè kooro ṣì lè ní ìbọn tí kì í yára yìn. Ikú ìbọn dínkù ní ilẹ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí bí ìdínkù náà ṣe jẹ́ ti ètò yìí tó, nítorí ó ti ń dínkù bọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní ọdún kan náà, ní Dunblane ní ilẹ̀ Scotland, ọkùnrin kan wọ ilé-ìwé, ó pa ọmọ 16 àti olùkọ́ wọn. Ní 1997 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ka ìbọn pélébé léèwọ̀, wọ́n sì san owó gbà-má-bìínú fún àwọn tó kó o sílẹ̀, ìbọn tó lé ní 160,000. Ní New Zealand, lẹ́yìn tí wọ́n pa ènìyàn 51 ní mọ́sálásí méjì ní Christchurch ní oṣù Kẹta ọdún 2019, ìjọba ra ìbọn tó lé ní 56,000 kí ọdún náà tó parí. Ẹni tí ìbọn rẹ̀ ṣì dà bí tuntun gba owó tó súnmọ́ iye rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ ti gbó gba ìdá kan nínú mẹ́rin.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun kan nípa Dunblane àti Christchurch, kí a má baà máa gbèjà ẹnì kan ju bó ti yẹ lọ. Àwọn tó pànìyàn níbẹ̀ ní ìwé. Láísẹ́ǹsì wà lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà a kò lè sọ pé ìwé ń sọ ènìyàn di ẹni rere. Ohun tí ìwé ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí á mọ ẹni tó ní ìbọn. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti rí ìbọn tí wọ́n fẹ́ gbà: púpọ̀ nínú rẹ̀ wà nínú ìwé, wọ́n mọ ilé tó wà.

Ilẹ̀ tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Níhìn-ín, lẹ́yìn ogun ni wọ́n sábà máa ń gba ìbọn, ọwọ́ ajagun ni wọ́n sì ti ń gbà á. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1996, ní Timbuktu ní ilẹ̀ Mali, wọ́n kó ìbọn bí 3,000 jọ gegele, wọ́n sì dáná sun ún ní gbangba, ní ojú Ààrẹ Konaré ti Mali àti Ààrẹ Rawlings ti Ghana. Wọ́n kọ́ ọwọ̀n ìrántí sí ibẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi sun ún ni pé ìbọn tí a kó pamọ́ lè tún jí dìde. Ìbọn tó jóná kò lè padà sí ọjà.

Ní Liberia, nígbà tí ogun parí ní 2003, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ṣèlérí 300 dọ́là fún ajagun kọ̀ọ̀kan tó bá kó ohun ìjà sílẹ̀. Ìbọn kan lè tó, ẹni tó bá sì kó ìwọ̀n ọta kan wá náà lè wọlé. Nígbà tí ètò náà parí ní 2004, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní 100,000, ṣùgbọ́n ìbọn tí wọ́n rí gbà kò ju bí 28,000 lọ. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ pín in wò: ènìyàn bí mẹ́rin sí ìbọn kan. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí owó bá wà lórí ọta, ẹni tí kò jagun rí yóò wá ọta rà. Sierra Leone gba ọ̀nà mìíràn lẹ́yìn tí ogun tirẹ̀ parí ní 2002. Dípò kí wọ́n sanwó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àdúgbò tó bá kó ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ tán ni wọ́n ń bá ṣe iṣẹ́ ìdàgbàsókè tí àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn yàn.

Ẹ jẹ́ kí á wá padà sílé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2009, Ààrẹ Umaru Musa Yar'Adua kéde ìdáríjì fún àwọn tó gbé ìbọn ní agbègbè Niger Delta. Láti oṣù Kẹjọ títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ni wọ́n fún wọn láti kó ohun ìjà sílẹ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní rí ẹ̀wọ̀n. Yóò kọ́ṣẹ́, yóò sì máa gba ₦65,000 lóṣooṣù. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ nígbà náà lé ní 20,000; ìbọn tí wọ́n kó sílẹ̀ kò tó 3,000. Òótọ́ ni pé ètò náà mú kí epo máa ṣàn, ó sì dín ìpànìyàn kù fún ìgbà kan, a kò gbọdọ̀ fojú kéré ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo ọdẹ tó jókòó sí ìdí rédíò rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó gbọ́ ìròyìn náà. Òun tó ń san owó láísẹ́ǹsì kò gba kọ́bọ̀. Ẹni tó gbé ìbọn tí òfin kà léèwọ̀ ló ń gba owó oṣù. Ṣé kò ní bi ara rẹ̀ léèrè pé, kí ni èrè ìgbọràn?

Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 2018, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà, Ibrahim Idris, pàṣẹ pé kí gbogbo ẹni tó ní ìbọn tí òfin kò fọwọ́ sí kó o sílẹ̀ láàrin ọjọ́ 21. Àṣẹ ni ti èyí, kì í ṣe ọjà. Kò sì pé ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2020, tí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣí Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn nítorí ìjínigbé àti ìpànìyàn lójú ọ̀nà àti nínú oko. Àwọn wo ni wọ́n pè síbẹ̀? Ọdẹ wà lára wọn. Ọwọ́ kan ìjọba ń ní kí ọdẹ gbé ìbọn sílẹ̀, ọwọ́ kejì ń ní kí ó gbé e wá ká jọ ṣọ́ ìlú.

Ṣé ẹ rántí akéde wa ní Akẹ̀sán? Ẹ jẹ́ kí á wo àwọn mẹ́ta tó gbọ́ agogo rẹ̀.

Ẹni kìíní ni bàbá ọdẹ tó ní ìwé. Bí ó bá tilẹ̀ fẹ́ fi ìbọn rẹ̀ pamọ́, kò lè ṣe é, nítorí orúkọ rẹ̀, àdúgbò rẹ̀ àti nọ́ńbà ìbọn náà wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Yóò gbé e wá. Wọn yóò wò ó, wọn yóò ní ó ti gbó, wọn yóò sì san owó tí kò lè ra òmíràn. Irin àti igi ni wọ́n díyelé. Ta ni yóò díyelé ọ̀yà tí yóò wọ oko rẹ̀ ní ọ̀la? Ta ni yóò san owó òru tí ó fi ń ṣọ́ abúlé? Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá kú, kí ni wọn yóò yìn? Owó ìjọba lè ra ìbọn lọ́wọ́ ọdẹ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ìbọn náà ń ṣe ṣì wà nílẹ̀ tí ń dúró de ẹni tí yóò ṣe é.

Ẹni kejì ni àgbẹ̀ kan ní abúlé. Ọmọlúwàbí ni, kò jí nǹkan ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n ìbọn tó wà ní àjà rẹ̀ jẹ́ ti baba rẹ̀, baba náà ti kú, ìwé kò sì sí. Irú ẹni báyìí pọ̀. Ó ń gbọ́ pé ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá lè dé bá ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn aláìníwèé mọ́ lọ́wọ́. Ó ń gbọ́ pẹ̀lú pé ìjọba ní òun kò ní bi í léèrè. Èwo ni kí ó gbà gbọ́? Bí ó bá bẹ̀rù, yóò ri ìbọn náà mọ́lẹ̀, ìjọba kò sì ní rí i láéláé.

Ẹni kẹta ni olè. Bí ìbọn kan bá ti bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò rán ènìyàn tà á fún ìjọba, yóò fi owó náà kún èyí tí yóò fi ra tuntun. Èyí tó dára kò ní kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí iye tó ń fi í pa ju iye tí ìjọba lè san lọ. Bí àwọn méjì àkọ́kọ́ bá sì ti kó tiwọn sílẹ̀, ọ̀nà ti là fún un.

Àwọn àgbà ní kí á kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí á tó fàbọ̀ sórí adìẹ. Bí ìjọba bá fi adìẹ ṣáájú, akátá ló ń bá ṣiṣẹ́.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí á dájọ́ apá kan. Ìbọn ọdẹ náà lè ṣìnà. Ọmọdé ti gbé ìbọn baba ṣeré rí, tí ilé di ilé ọ̀fọ̀. Olè ń fọ́ ilé ọdẹ láti jí ìbọn. Bí ìbínú bá sì wọ ìlú, ohun tó wà nílé fún ọ̀yà lè kọjú sí ènìyàn. Ògbómọ̀ṣọ́ kò gbàgbé ọdún 1969. Ní àkókò Àgbẹ́kọ̀yà, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde sí owó-orí káàkiri ilẹ̀ wa, ìbọn ṣakabùlà wà lọ́wọ́ wọn. Ìdí tí wọ́n fi bínú fẹsẹ̀ múlẹ̀, àní ìjọba padà dín owó-orí náà kù sí pọ́n-ùn méjì. Ṣùgbọ́n nínú rògbòdìyàn ọdún náà ni wọ́n pa Ṣọ̀ún Ọlájídé Ọláyọ̀dé, orí adé, ní ìlú tí ọdẹ tẹ̀ dó. Ìjọba tó bá sọ pé òun fẹ́ kí ìbọn dínkù nílùú kò sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

Bí ó bá wá di dandan kí ìjọba ra ìbọn ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, báwo ni yóò ṣe ṣe é tí kò fi ní rẹ́ ẹni tó ń pa òfin mọ́ jẹ? Láti inú ohun tí a ti gbọ́, a lè mú nǹkan márùn-ún.

Èkíní, kí ìjọba sọ irú ìbọn tí ó fẹ́. Ìbọn sójà ni kí ó kọ́kọ́ wá, kì í ṣe ṣakabùlà. Australia kò kó gbogbo ìbọn pọ̀ sójú kan, àwa náà kò gbọdọ̀ ṣe é.

Èkejì, kí a tẹ iye owó síta kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀, kí a sanwó lójú ẹsẹ̀, kí a sì fún olówó ní ìwé ẹ̀rí. Ìlérí kì í kún àpò.

Ẹ̀kẹta, kí a ṣí ẹnu ọ̀nà fún ẹni kejì wa yẹn. Kí a dá ọjọ́ fún un láti wá forúkọ ìbọn baba rẹ̀ sílẹ̀ láìsí ẹjọ́. Ìbọn tí a mọ ibi tó wà sàn ju èyí tí a rì mọ́lẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹrin, kí a dáhùn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí ìbọn náà ń ṣe kí a tó gbà á. Bí ọlọ́pàá kò bá tíì lè ṣọ́ abúlé, kí a má ṣe gba ohun tí abúlé fi ń ṣọ́ ara rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí a ba ìbọn tí a rà jẹ́ ní gbangba, bí ti Timbuktu, kí ojú gbogbo ayé rí i, kí ẹnikẹ́ni má baà tún pàdé ìbọn baba rẹ̀ lọ́wọ́ olè.

Títí ọjọ́ náà yóò fi dé, àwa náà ní tiwa láti ṣe. Ẹ̀yin bàbá, ẹ wo ìwé yín lónìí, kí ẹ rí i bóyá ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Ẹ má gbàgbé pé ìwé àṣẹ kì í ṣe ogún: orúkọ ẹni tó kú ló wà lára rẹ̀, kò sì lè gba ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí baba yín bá fi ìbọn sílẹ̀ lọ, ẹ mú baálé tàbí olórí ọdẹ dání, kí ẹ lọ bá ọlọ́pàá sọ ọ́ kí ọlọ́pàá tó wá bá yín. Ẹ yọ ọta àti ẹ̀tù kúrò, ẹ ti ìbọn mọ́ ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá rí ìbọn níbikíbi, bí ẹ tilẹ̀ rò pé kò ní ọta, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pe àgbà.

Agogo akéde náà kò tíì dún ní Akẹ̀sán, kò sì tíì dún ní Tákíè. Bí ó bá dún lọ́jọ́ kan, ẹ má kọ́kọ́ béèrè pé èló ni ìjọba ń san. Ẹ béèrè pé: bí ìbọn bàbá ọdẹ bá lọ, ta ni yóò ṣọ́ abúlé lóru ọjọ́ náà?